Ìyípo Ọgọ́rùn-ún Láàárín Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Orin Hárúnà Ìṣọ̀lá kò wọ́n lórí fóònù. Ọmọdé tó gun ọ̀kadà láti Òrù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lè ki íápíìsì bọ etí, kó máa gbọ́ àpàlà títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ẹ̀dà méjì orin kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan parí, ìkejì ṣì ń lọ. Nínú èyí tó tètè parí, ohùn Hárúnà, Bàbá Gàní Àgbà, tín-ín-rín bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbó. Nínú ìkejì, ó wúwo, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kọ orin náà sínú ẹ̀rọ. Èwo gan-an wá ni ohùn rẹ̀?

Àwo ló lè dáhùn. Ohun tó wà lórí fóònù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé láti ara àwo ni wọ́n ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, láti ara kásẹ́ẹ̀tì sórí òmíràn, kó tó di pé ẹnìkan gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló sì ń fi tirẹ̀ kún un. Àmọ́ láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ àwo ni wọ́n ti pinnu eré tó gbọ́dọ̀ máa sá: fún àwo ńlá tí à ń pè ní LP, ìyípo 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tó bá yí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Hárúnà ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Èyí tó bá yí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí kò yí i tó, ohùn ẹni tí a kò bí ló ń gbé fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi ka títún ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ṣe sí iṣẹ́ gidi, tí mo sì ń fi gbogbo ara ṣe é.

Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ká èèyàn lára jù. Ibẹ̀ ni Hárúnà fi ṣe ilé títí ó fi jáde láyé ní 1983. Òrìmọlúsì Adébóyè, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ kì ní 1948, èyí tí His Master's Voice gbé jáde. Àwo náà kò tà. Nígbà tí kábíyèsí wàjà, tí Hárúnà tún orin náà ṣe ní 1955, ni òkìkí rẹ̀ wá kàn. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, STAR Records, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta orin wa fún wa ṣì wà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni àwo “Òròkí Social Club” dé, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ti gbé Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó lè gba ohùn sí ọ̀nà 24, kálukú lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Ìlú gẹdú, ìlú kòkó àti obì, tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi ń jí èèyàn láàárọ̀, ibẹ̀ ni olórin kan tí kò fi ìlù òyìnbó kankan kọrin rí kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Ó mọ iyì ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí àwa tó gbẹ́yìn náà mọ̀ ọ́n.

Nílé wa, rédíógíráàmù ni bàbá mi ní: àpótí onígi gígùn, ẹsẹ̀ mẹ́rin, rédíò lápá ọ̀tún, ṣénjà lápá òsì lábẹ́ ìdérí. Wọ́n á to àwo márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí ọ̀pá àárín, ẹ̀rọ á máa já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, apá rẹ̀ á gbéra fúnra rẹ̀, á lọ gbé abẹ́rẹ́ lé etí àwo. Nínú àpótí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ṣénjà Garrard tàbí ti BSR lèèyàn sábà máa ń bá. Iṣẹ́ abẹ́ wọn kò le láti mọ̀. Mọ́tò kékeré kan wà tó ní ọ̀pá irin ṣóńṣó, tí a ti gé ara rẹ̀ ní ìpele ìpele, ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ. Táyà rọ́bà kan tó rí pẹlẹbẹ á fara ti ọ̀pá yìí lápá kan, á fara ti inú etí àtẹ irin tí àwo ń jókòó lé lápá kejì. Ìpele tó nípọn á mú àtẹ sáré, ìyẹn fún àwo 78, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó tín-ín-rín á mú un rọra, fún LP.

Táyà kékeré yìí ni wàhálà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá yí kọ́kọ́ ẹ̀rọ padà láti pa á, táyà á fà sẹ́yìn, irin kò ní kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń pa ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ lójijì? Orin ń lọ lọ́wọ́, NẸ́PÀ mú iná, gbogbo ilé á pariwo, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á lọ sùn. Kọ́kọ́ ṣì wà lójú 33. Ọ̀pá irin ṣì ń tẹ rọ́bà lójú kan ṣoṣo, nínú ooru ilẹ̀ wa, mọ́jú, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ kan. Rọ́bà á gba ojú ibẹ̀, á tẹ̀ wọnú. Láti ọjọ́ náà lọ, ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí kan ẹ̀ẹ̀kan, á dún gbì lábẹ́ orin: gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń gún nǹkan ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti ṣí ẹ̀rọ tó pọ̀ ní àdúgbò wa, ojú àpá kan náà ni mo ń bá lára rọ́bà wọn. Iná tó ń lọ láìdágbére ti kọ ìtàn tirẹ̀ sínú wọn.

Bí rọ́bà bá kàn gbẹ lójú ni, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nù ún títí dúdú á fi tán lára òwú, ẹ wá fi sáńdípépà tó kúnná jù fà á lójú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó lè di irin mú padà. Bí ojú rẹ̀ bá ti wọnú jìn, ẹ wá òmíràn. Ọ̀gá kan tó ti ń tún rédíò ṣe ní Àtíkorí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ló fi èyí hàn mí. Nígbà tó rí agolo gírísì lọ́wọ́ mi, ó kígbe.

“Àbúrò, má jẹ́ kí ìyẹn kan rọ́bà o! Ọjọ́ tí òróró bá ti kan rọ́bà, ó parí.”

“Ẹ̀gbọ́n, níbo wá ni kí n fi í sí?”

“Ibi tí irin bá ti ń ha irin. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fọ èyí tó ti kú síbẹ̀ kúrò ná.”

Òótọ́ ni. Gírísì tí wọ́n fi sábẹ́ ṣénjà láti ìlú òyìnbó ti di gọ́ọ̀mù. Bí apá ẹ̀rọ bá gbéra tí kò padà, tàbí tó lọ dúró sáàárín òfuurufú, kì í ṣe pé nǹkan kan ṣẹ́ dandan. Gírísì tó ti gan ló dì í mú. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó á fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, gírísì tuntun bíńtín sí àwọn eyín, àti òróró máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán kan tàbí méjì, sínú ihò tí ọ̀pá àtẹ ń yí nínú rẹ̀ àti sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tó wá kọ́ mi lọ́gbọ́n jù kì í ṣe ti bàbá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló gbé e bọ̀, ẹ̀rọ àwo kan láti àwọn ọdún 1970, tó jẹ́ pé bẹ́líìtì rọ́bà ló ń fà á dípò táyà. Ara rẹ̀ ń dán. A mọ̀ pé fóltì 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, a sì ra tíránsífọ́mà tó ń já 230 wálẹ̀. A gbé Hárúnà lé e. Ìlù ń fà, agbè ń fà, ohùn ọkùnrin náà dà bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Gbogbo àwọn tó wà ní páló ló ní bẹ́líìtì ti rọ̀. A ra bẹ́líìtì tuntun, nǹkan kan kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sí lára bẹ́líìtì. Iná mànàmáná kì í dúró sójú kan nínú wáyà, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni. Tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà, ìgbà 60. Tíránsífọ́mà lè dín fóltì kù, kò lè fi ìgbà mẹ́wàá tó kù kún un. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì rèé, lílọ-bíbọ̀ iná ló ń tẹ̀ lé. Wọ́n ti ṣe é pé bí iná bá lọ tó bọ̀ ní ìgbà 60, kí àwo yí ní 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tó bá bá 50 pàdé, ìyípo náà á já sí nǹkan bíi 28. Kò sí bẹ́líìtì tó lè wo èyí sàn. Púlì kékeré tó wà lórí mọ́tò ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀, kó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún: bí ti Amẹ́ríkà bá fẹ̀ ní mílímítà 10, tiwa gbọ́dọ̀ sún mọ́ 12. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó jẹ́ pé irin mọ́tò ló ń ha lójoojúmọ́. Ó fi idẹ gé òmíràn, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ jù, ó sì ń ha á kù díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń dán an wò, títí ó fi bọ́ sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ tó pegedé ni. (Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé agbára inú ara rẹ̀ ló ń díwọ̀n eré mọ́tò, bíi Technics SL-1200 tó jáde ní 1972, kò ní irú ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú páló ilé wa.)

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i? Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ẹ gé bébà pélébé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àtẹ. Ẹ gbé àwo lé e, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú àwo, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà a máa fà á sẹ́yìn bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ wo aago ọwọ́ yín. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, bébà yẹn gbọ́dọ̀ kọjá níwájú yín ní ìgbà ọgọ́rùn-ún gééré. Bó bá jẹ́ 97, ẹ̀rọ ń lọ́ra, ohùn á ti wálẹ̀ dé ibi tí olórin kò gbé e sí. Bó bá jẹ́ 104, ó ń sáré. Àwo 45 á kọjá ní ìgbà 135 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta kan náà. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà yẹn, lórí iná wa, kó tó gba púlì tuntun, kò lè ju nǹkan bíi 83 lọ.

Àwọn kan á ní kí ni a ń ka bébà sí, ṣebí àwọn ẹ̀rọ míì ní tótòtó róbótó róbótó tí wọ́n tò yí etí àtẹ ká, tí iná kékeré kan ń tàn sí. Lóòótọ́, ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50, tótòtó 180 ló máa ń wà níbẹ̀ fún àwo 33. Bí eré bá ti pé, á dà bíi pé wọ́n dúró sójú kan. Ó dára, bí iná bá jẹ́ iná gidi. Ṣùgbọ́n ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe ń sáré ni lílọ-bíbọ̀ iná rẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí ẹrù kò pọ̀ lórí rẹ̀, ó lè kọjá 50 dáadáa. Bí ẹnìkan bá tan fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ́ńjìnnì á kùn, iná á wálẹ̀, Hárúnà náà á wálẹ̀. Tótòtó yẹn kò ní sọ fún yín. Inú iná kan náà tó ń yí mọ́tò ni fìtílà tó ń tàn sí wọn ti ń mu. Bí mọ́tò bá lọ́ra, fìtílà á lọ́ra pẹ̀lú rẹ̀, tótòtó á dúró jẹ́ẹ́ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́jọ́, kí ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Aago ọwọ́ ló wà níta ọ̀rọ̀ náà, aago ọwọ́ ni kí ẹ bi.

Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú náà ní tirẹ̀: iná tó ń mú jáde kò lọ geere, mọ́tò á máa kùn, á máa gbóná. Bí iná ìjọba bá dé, tó sì dúró, lákòókò náà ni kí ẹ gbé àwo tó bá ṣe iyebíye jáde.

Lẹ́yìn aago, etí. Àpàlà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ̀. Ẹ má fi ìlù dán ìdúróṣinṣin ẹ̀rọ wò. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ti ń lọ sókè sódò tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí àtẹ bá ń ṣe ségesège, ẹ ò ní mọ̀, ẹ ó rò pé onílùú ló ń dárà. Agogo ni kí ẹ tẹ́tí sí. Agogo kò ní ju ohùn tí alágbẹ̀dẹ fún un lọ. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń rọ̀ tó ń le, ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́gbè bá fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn náà dára láti fi dán an wò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń tú àṣírí abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì mú, ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára agbè, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n pọ̀, pé kálukú ń kan igbá lákòókò tirẹ̀. Bó bá ti jẹ, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ di ṣàà kan ṣoṣo, pàápàá bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín àwo, níbi tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ti kúrú jù. Mo ti rí ẹni tó ju àwo nù pé ó ti bàjẹ́, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló ti kú. Àgídìgbo ló kù. Bí kò bá rinlẹ̀, bí ẹ kò bá gbọ́ ọ láyà, ẹ lọ wo wáyà tó lọ sí gbohùngbohùn, àfàìmọ̀ ni ọ̀kan kò fi ní jẹ́ pé wọ́n yí i sódì.

Abẹ́rẹ́ gba sùúrù. Àwo 78 àtijọ́, ihò orin rẹ̀ fẹ̀. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ LP kọ orin 78, ìsàlẹ̀ ihò ló máa bọ́ sí, ẹrùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ló máa máa ha. Bí ẹ bá fi ti 78 kọ LP, ẹ ti bá orin náà jẹ́ nìyẹn, kò ní ṣe é tún ṣe mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ṣénjà àtijọ́, abẹ́rẹ́ méjèèjì ló wà lórí kan náà, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré kan láti fi yí i. Ẹ wo èyí tó kọjú sílẹ̀ kí ẹ tó gbé apá. Abẹ́rẹ́ irin ti gírámáfóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kò gbọdọ̀ sún mọ́ LP rárá.

Ní 1948 tí Hárúnà ṣe àwo àkọ́kọ́ yẹn, ọdún yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Columbia gbé LP jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí LP tó dé ọ̀dọ̀ wa, 78 ni olórin wa ń ṣe, ojú kan rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àpàlà tí wọ́n ń kọ láti alẹ́ mọ́jú níbi ìnáwó, tí olórin á ki baba, á ki ọmọ, á ki àna, ni wọ́n ní kó gba inú ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Nígbà tí LP wá fún Hárúnà ní ojú àwo kan odindi, ẹ wo bó ṣe fẹsẹ̀ lélẹ̀, tó ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ bá pé, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀ méjì. N kò gbọ́ mímí yẹn rí lórí fóònù.

Ìwúwo abẹ́rẹ́ náà ṣe kókó. Láyé àwọn bàbá wa, bí àwo bá ń fò, wọ́n á gbé kọ́bọ̀ kan lé orí apá ẹ̀rọ. Fífò náà á dúró, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ yẹn ń walẹ̀ nínú orin. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà fi ń wọn òrùka lẹ̀ ń wá: ọ̀pọ̀ orí onímágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ so mọ́ ní ẹnu apá, kò fẹ́ ju gíráàmù kan àtààbọ̀ sí méjì lọ, ti ṣénjà àtijọ́ lè gba mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá ṣì ń fò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yá lẹ́fẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ wò ó bóyá orí ibi tó tẹ́jú ni ẹ̀rọ jókòó sí. Bó bá ń kùn hùùù, wáyà tó yẹ kó so ẹ̀rọ mọ́ ara ampilifáyà ló já. Bí ohùn bá kéré, tí kò ní ìsàlẹ̀ rárá, orí onímágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ ki bọ ibi tí kò yẹ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnga kékeré tirẹ̀ kó tó dé ibi tó kù.

Ti ìfọ̀, ọ̀rọ̀ kan péré. LP lè fara da sípíríìtì tí omi là dáadáa. 78 kò lè fara dà á, nítorí oje tí kòkòrò kan ń tú jáde sára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é, sípíríìtì a sì máa yọ́ oje yẹn. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ló tó o, kí omi má kan bébà àárín. Kí ẹ sì tò wọ́n ní òró, kúrò nílẹ̀, nítorí ikán àti ọ̀rinrin ìgbà òjò.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2020, ilé-iṣẹ́ Soul Jazz kó àpàlà tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà láàárín 1967 àti 1970 jọ sórí àwo tuntun. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe é. Ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwo tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ti kúrò lọ́wọ́ wa, àwọn kan ní owó tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan, àwọn kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, tó kó wọn sórí ààtàn. Èmi ò bínú sí ẹni tó rà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ̀dà kan, tí a kọ ní eré tó yẹ, wà ní ilẹ̀ tí a ti kọ orin náà. Nítorí náà, bí iná bá dúró tí mo sì ti ka bébà mi tó pé ọgọ́rùn-ún, mò ń gba àwọn àwo yìí sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ orúkọ àwo, ọdún tó wà lára rẹ̀ àti irú abẹ́rẹ́ tí mo fi gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, mo fún un.

Èyí tí n kò tíì rí ni ti Òrìmọlúsì Adébóyè, ti 1948, èyí tí kò tà. Àwo tí kò tà kì í pọ̀ níta. Ṣùgbọ́n kábíyèsí ní ẹbí, ní ìjòyè, ní ọ̀rẹ́ ní Òkè-Sopin, ní Òkè-Àgbò, ní Òjòwó, ní Jàpárá, dé Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè. Ẹnìkan ní láti ra orin tí wọ́n fi kì ọba rẹ̀. Bí ẹ bá ní àpótí màmá-màmá yín tí ẹ kò tíì tú, ẹ tú u. Bí ẹ bá bá àwo dúdú kan tó wúwo, tó ń dún ko bí ẹ bá fi èékánná kàn án, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, nítorí bó bá bọ́, fífọ́ ni. Ẹ má fi sípíríìtì nù ún. Ẹ má sì gbé e lé ẹ̀rọ kankan kí ẹ tó wo ojú abẹ́rẹ́.